Ẹ̀rọ tí à ń fi dán agbára búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré wò: ká ṣe é ní Àkúrẹ́, ká rà á, àbí ká máa lọ sí láàbù?

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà níwájú ẹni tó fẹ́ máa tẹ búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré títí yóò fi fọ́, kó lè mọ iye agbára tó wà nínú rẹ̀. Ó lè wá wẹ́dà àti tọ́nà ní Àkúrẹ́ níbí kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún un. Ó lè ra tuntun láti Ṣáínà, Íńdíà tàbí Yúróòpù. Ó lè ra tòkunbọ̀. Ó sì lè má ra nǹkan kan rárá, kó máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí láàbù, kó máa sanwó bó bá ṣe ń lò ó.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó fẹ́ rà ni, “Tọ́ọ̀nù mélòó ni?” Tọ́ọ̀nù ṣe pàtàkì, mi ò ní kò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n jáàkì tí fọkanáísà fi ń gbé tírélà náà ní tọ́ọ̀nù, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ẹ̀rọ ìdánwò. Ẹ̀rọ ìdánwò ni èyí tó jẹ́ pé tó bá ní búlọ́ọ̀kù yìí fọ́ ní 180 kN (kilonewton, ìwọ̀n agbára ìtẹ̀; tọ́ọ̀nù kan tó nǹkan bí 9.81 kN), 180 kN náà ni lóòótọ́, tàbí ohun tó súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ojú yẹn ni mo fẹ́ fi wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mi ò ní dárúkọ iye owó. Dọ́là ń gòkè ń sọ̀, owó irin náà ń tẹ̀ lé e. Iye tí mo bá kọ lónìí lè ti yí padà kí ẹ tó kà á.

Ẹ ṣírò ohun tí ẹ fẹ́ fọ́

Agbára tí ẹ nílò wà nínú ìtẹ́jú ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀. Kọnkéré onígun mẹ́rin tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù 150 mm ní ojú tó jẹ́ 22,500 mm². Tí agbára kọnkéré yẹn bá jẹ́ 25 N/mm², ìyẹn newton 25 lórí mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan (1000 newton ló wà nínú kN kan), yóò gbà tó 562.5 kN kó tó fọ́. Jáàkì 50 tọ́ọ̀nù, nǹkan bí 490 kN péré ló lè tẹ̀. Ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́, ẹ ó máa làágùn, kọnkéré á kàn máa wò yín ni. Jáàkì 100 tọ́ọ̀nù tó nǹkan bí 981 kN. Ó ká 25, ó ká 30 tó nílò 675 kN, ṣùgbọ́n 40 á gbà tó 900 kN, ẹ̀rọ tí ẹ bá sì ń lò dé góńgó lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ kó tó máa jo ọ́ìlì.

Tí òkúta tí ẹ fi pò ó kò bá ju 20 mm lọ, ẹ lè lo mọ́ọ̀dù 100 mm. Ojú tirẹ̀ jẹ́ 10,000 mm², 25 N/mm² á sì fọ́ ní 250 kN. Ìpinnu kékeré yìí nìkan lè dín ẹ̀rọ tí ẹ nílò kù ju ìdajì lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ó kí wọ́n tó sanwó.

Búlọ́ọ̀kù yàtọ̀. Búlọ́ọ̀kù onííńṣì mẹ́sàn-án, 450 mm ní gígùn, 225 mm ní fífẹ̀, ní ìtẹ́jú 101,250 mm² tí ẹ bá ka ihò inú rẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ 2.5 N/mm², nǹkan bí 253 kN ni yóò ti fọ́. Onííńṣì mẹ́fà á fọ́ ní nǹkan bí 169 kN. Agbára náà kò pọ̀, àmọ́ irin tí yóò tẹ̀ ẹ́, èyí tí à ń pè ní ojú ìtẹ̀, gbọ́dọ̀ gùn ju 450 mm lọ, kó sì nípọn débi tí kò fi ní tẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òkèèrè ti máa ń já oníbúlọ́ọ̀kù kulẹ̀. Ẹ̀rọ 2000 kN, tuntun, tó ń dán, àmọ́ kọnkéré onígun mẹ́rin ni wọ́n ṣe ojú ìtẹ̀ rẹ̀ fún. Búlọ́ọ̀kù á yọrí síta lápá méjèèjì. Ẹni tó bá fi irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín lé e lórí kó lè kárí, irin yẹn á tẹ̀, àárín búlọ́ọ̀kù á gba gbogbo ìyà, òǹkà tó máa jáde á sì kéré sí ohun tí búlọ́ọ̀kù náà tó gbé.

Nítorí náà, kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni ní tọ́ọ̀nù, ẹ bi í pé: báwo ni ojú ìtẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó, báwo ló sì ṣe nípọn tó?

Férémù

Nínú gbogbo ẹ̀rọ náà, férémù ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn wẹ́dà àti tọ́nà wa lè ṣe dáadáa, tí ẹnjiníà bá ti ya àwòrán rẹ̀ síwájú wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó má jẹ́ kí òkè àti ìsàlẹ̀ sá fún ara wọn nígbà tí jáàkì bá ń tì wọ́n. Òpó mẹ́rin ló sábà máa ń di méjèèjì mú. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ 1000 kN, òpó kọ̀ọ̀kan á gbé 250 kN. Òpó róbótó mild steel, irin lásán tó pọ̀ lọ́jà, tó nípọn 50 mm á gbé e ní nǹkan bí 127 N/mm², irin yẹn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sí í fà títí yóò fi tó bí 250. Ìdajì agbára rẹ̀ ṣì wà nípamọ́. Ẹ wá dín òpó yẹn kù sí 40 mm nítorí pé òun ni wọ́n bá lọ́jà, ó ti di 199 N/mm² nìyẹn. Tọ́nà tún gé ìlà nọ́ọ̀tì sí i lórí, irin tó kù níbẹ̀ tún dín sí i. Ẹ ti wà létí kòtò láìmọ̀.

Àwọn kan á ní, “Ọ̀gá, ṣáfútì tírélà la máa lò, kò lè tẹ̀ láéláé.” Òótọ́ ni pé ó le. Ṣùgbọ́n irin tó le bẹ́ẹ̀ kì í bá iná wẹ́dà rẹ́. Tí wọn ò bá kọ́kọ́ mú un gbóná dáadáa kí wọ́n tó jó o, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó á là, nígbà mìíràn lọ́jọ́ kejì, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni kí ẹ bá wọn dúró lé lórí. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ irú irin tí àlòkù jẹ́ nípa wíwò lásán. Irin tuntun tó ní ìwé ni mo máa ń yàn fún òpó, kódà tí gbogbo ìyókù bá jẹ́ àlòkù.

Ibi tí iṣẹ́ wa sábà ti ń ṣubú ni ojú ìtẹ̀ méjèèjì. Wẹ́dà á jó gbogbo rẹ̀ tán, iná á fa irin, ojú tó tẹ́ tẹ́lẹ̀ á wọ́. Ìlànà Yúróòpù, EN 12390-4, fẹ́ kí ojú yẹn tẹ́ débi pé ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ní ju 0.03 mm lọ, kó sì le tó 550 HV (ìwọ̀n líle irin) kí òkúta má baà gún un ní ihò. Mild steel kò súnmọ́ líle yẹn rárá. Tí ẹ bá ń fọ́ kọnkéré lórí rẹ̀, láìpẹ́ ẹ ó rí àpá onígun mẹ́rin láàárín rẹ̀. Fún búlọ́ọ̀kù nìkan, ẹ lè fara mọ́ ọn tí ẹ bá ń gbé e lọ fún títún ojú rẹ̀ ṣe lóòrèkóòrè. Fún kọnkéré, ẹ wá irin tí wọ́n ti sè le.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín kí ẹ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ gbé rúlà irin tó tọ́ lé ojú ìtẹ̀ náà ní ìbú, ní òró, àti láti igun dé igun. Ẹ mú fílà géèjì, èyí tí mẹkáníìkì fi ń wo fáàfù, ẹ fa ewé 0.05 mm yọ, kí ẹ gbìyànjú láti tì í wọ abẹ́ rúlà. Tó bá wọlé níbikíbi, ojú yẹn kò tíì tẹ́. Ẹ dá a padà. Ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ ní ìgboro Àkúrẹ́ dára fún ṣáfútì, kì í sábà gba irin pẹlẹbẹ tó gùn ju 450 mm. Iṣẹ́ yẹn lè gba pé kí ẹ gbé e lọ sí Èkó, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà FUTA tàbí EMDI, ilé iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Oǹdó lábẹ́ NASENI, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, ibi tí wọ́n ti lè bá yín ṣe é.

Nípa ààbò, tuntun òkèèrè ju tiwa lọ, mi ò ní purọ́. Ó máa ń ní ilẹ̀kùn tàbí wáyà tó bo iwájú rẹ̀, nítorí pé kọnkéré tó le kì í fọ́ jẹ́jẹ́. Agbára tó ti fa òpó férémù á tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rún òkúta á sì fò. Àwọn tó ń ṣe é níbí máa ń gbàgbé ibẹ̀ tàbí kí wọ́n ní ẹ máa san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ sanwó náà. Tí ẹ bá sì rí i pé páìpù ọ́ìlì ń jò nígbà tí ẹ̀rọ wà lábẹ́ agbára, ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tó ti ń jò. Ọ́ìlì tó ń jáde nínú ihò abẹ́rẹ́ lè gba awọ kọjá wọnú ẹran ara, iṣẹ́ abẹ ló máa ń di. Páálí ni kí ẹ fi wá a.

Òǹkà: ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Géèjì tó wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe níbí, ìfúnpá ọ́ìlì ló ń kà. Síìlì inú jáàkì ti jẹ díẹ̀ lára agbára yẹn kó tó dé orí búlọ́ọ̀kù, iye tó sì ń jẹ kò dọ́gba láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, nígbà tí síìlì ṣì jẹ́ tuntun àti nígbà tó ti gbó.

Ẹ wá wo géèjì fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 1.6 sí ojú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè fi 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ojú géèjì ṣe àṣìṣe, níbikíbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà. Lórí géèjì 1000 kN, 16 kN nìyẹn. Tí kọnkéré bá fọ́ ní 600 kN, 16 kN kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù gidi tó wà lójú pópó, tí iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, lè fọ́ ní 80 kN. 16 nínú 80, ìdá márùn-ún nìyẹn. Ẹ ò lè fi irú òǹkà bẹ́ẹ̀ bá oníbúlọ́ọ̀kù jà, òun náà ò sì lè fi dá ara rẹ̀ láre.

Àrùn yìí kan náà wà lára ẹ̀rọ olówó ńlá. Ìlànà ISO 7500-1 pín àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí sí ìpele. Ìpele 1 ni èyí tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju 1 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń kà lọ. Ó dára. Ẹ wá ka sẹ́tífíkéètì rẹ̀ dáadáa: láti ibo dé ibo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò? Tó bá jẹ́ láti ìdá márùn-ún rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ 2000 kN kò ní ẹ̀rí kankan nísàlẹ̀ 400 kN. Búlọ́ọ̀kù onííńṣì mẹ́sàn-án tí à ń sọ, 253 kN ló ti fọ́. Ẹ ti ra ẹ̀rọ tó tóbi jù, tí kò sì lè jẹ́rìí sí ohun tí ẹ ń tà.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà fún tiwa ni load cell. Irin kékeré kan ni, ó ń jókòó láàárín jáàkì àti ojú ìtẹ̀, ó sì ń ka agbára fúnra rẹ̀ láì bá ọ́ìlì sọ̀rọ̀. Ó ní wáyà tó lọ sí ojú òǹkà oníná. Ẹ lè rà á lọ́tọ̀, 300 kN fún búlọ́ọ̀kù onííńṣì mẹ́fà, 500 kN fún mẹ́sàn-án, kí ẹ sì bọ̀ ọ́ mọ́ férémù tí wọ́n jó ní Àkúrẹ́. Kó má baà ṣe àṣìṣe, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹrù ní àárín gbùngbùn. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ojú ìtẹ̀ òkè fi máa ń jókòó lórí irin róbótó tó lè yí díẹ̀ bá búlọ́ọ̀kù mu. Ẹ máa ṣí ibẹ̀ wò. Eruku sìmẹ́ńtì àti gírísì máa ń pò pọ̀ síbẹ̀ di amọ̀, tí irin kò sì ní lè yí mọ́. Ẹ ó kàn rí i pé igun kan búlọ́ọ̀kù ló ń kọ́kọ́ rún lójoojúmọ́.

Bí ẹ ṣe ń yára tẹ̀ ẹ́ náà wà nínú òǹkà. EN 12390-3 ní kí ẹ máa fi 0.6 N/mm² kún un ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kó má lé tàbí dín ju 0.2 lọ. Lórí kọnkéré 150 mm, 13.5 kN nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó jẹ́ 25 N/mm² á fọ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 42. Ẹni tó ń fi ọwọ́ fa jáàkì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Á fà á, á dúró, á tún fà á, ọwọ́ òǹkà á máa ta gìrì. Tó bá sì yára jù, kọnkéré á dà bí ẹni pé ó le ju bó ṣe wà lọ. Pọ́ńpù oníná tó ní fáàfù tí ẹ lè fi dín ìṣàn ọ́ìlì kù ló dára. Fún oníbúlọ́ọ̀kù tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tó mọ lónìí dára tó ti àná, jáàkì ọwọ́ tó, bí ó bá ti jẹ́ ẹnì kan náà ló ń fà á.

Ẹ̀wẹ̀, calibration, ìyẹn fífi òǹkà ẹ̀rọ wé ti ohun èlò tó dájú. Ìdí tí àwọn tó ra tuntun fi máa ń fo èyí dá ni pé sẹ́tífíkéètì ti bá a wá láti ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ yẹn wà ní Ṣáínà. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sọ̀ ní Àpápá, ó gun lọ́rì, ó gba Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó kọjá, ó sì bọ́ sórí ilẹ̀ yín lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń pariwo “gbé e, gbé e”. Ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e ka ilẹ̀ tó tẹ́, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún, àti ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí i tún ṣe. Èyí tí wọ́n ṣe níbí náà nílò rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Sẹ́tífíkéètì gidi á fi hàn yín òǹkà ẹ̀rọ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà ohun èlò tí wọ́n fi wé e, ní ìpele ìpele, pẹ̀lú nọ́ńbà ohun èlò náà àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ òun fúnra rẹ̀ wò kẹ́yìn. Ìwé tó kàn sọ pé “ẹ̀rọ yìí dára”, pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa, ẹ fi di ẹ̀pà.

Tòkunbọ̀

Mi ò kórìíra rẹ̀. Férémù àtijọ́ máa ń nípọn ju ti ìsinsìnyí lọ. Ohun tó ń pa á ni iná àti bọ́ọ̀dù. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà, iná 60 Hz ni wọ́n ṣe mọ́tò rẹ̀ fún; lórí 50 Hz tiwa, á máa yí lọ́ra tó ìdá kan nínú mẹ́fà, á sì máa gbóná. Ẹ wo fóltì rẹ̀ náà. Bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ tó bá jó, ó lè jẹ́ pé wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́ níbikíbi. Tí ẹ bá máa rà á, ẹ gbé kọnkéré méjì dání, kí wọ́n fọ́ ọ níṣojú yín. Tí wọ́n bá ní kò sí iná lónìí, ẹ padà wá lọ́jọ́ tí iná bá wà.

Láàbù

Láàbù ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí ti aládàáni ló dín owó jù fún ẹni tó ní kọnkéré díẹ̀ láti dán wò fún ilé kan. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń gba iṣẹ́ ará ìta, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi sẹ́tífíkéètì ẹ̀rọ wọn hàn yín. Kò sí àrífín níbẹ̀. Ìwé wọn ní iyì tí ti ẹ̀rọ inú ọgbà yín kò lè ní láéláé, nítorí pé oníbàárà kò ní gbà pé kí kọ́ńtírátọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe adájọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ni ojú ọ̀nà àti àkókò. Búlọ́ọ̀kù tó fi igun rún nínú píkọ́ọ̀pù kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn kò lè sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28 tí wọ́n máa ń fọ́ kọnkéré kì í sì í dúró de ẹni tó ń dáṣẹ́ sílẹ̀ tàbí iná tó lọ.

Irin rọ́ọ̀dù: ẹ má ṣe é níbí

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní férémù á fẹ́ máa fi fa irin rọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Agbára tó nílò kéré lóòótọ́: irin 16 mm tó jẹ́ 500 N/mm² kò gbà ju nǹkan bí 100 kN lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, 25 mm á gbà tó 245 kN. Àmọ́ eyín tí yóò di irin mú gbọ́dọ̀ le ju irin náà lọ, kó sì máa fún mọ́ ọn sí i bí agbára ṣe ń pọ̀ sí i. Tó bá yọ̀, òǹkà á bàjẹ́; tó bá yọ̀ pátápátá, irin á fò. Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún un, tàbí kí ẹ máa gbé irin lọ sí láàbù.

Ta ni kó mú èwo

Oníbúlọ́ọ̀kù ní Ọ̀bà-Ilé tàbí lójú ọ̀nà Ìgbátòrò tó ń mọ púpọ̀ lójoojúmọ́: férémù ní Àkúrẹ́, ojú ìtẹ̀ tó gùn tó sì nípọn, load cell tí ẹ rà. Ẹ pín owó náà sí mẹ́ta pẹ̀lú wẹ́dà: apá kan kó fi ra irin, apá kan nígbà tí fílà géèjì kò bá wọ abẹ́ rúlà mọ́, apá ìkẹyìn lẹ́yìn calibration. Tó bá kọ̀ láti gba èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ wá ẹlòmíràn.

Kọ́ńtírátọ̀ tó ń da kọnkéré ilé alájà púpọ̀ tàbí afárá: tuntun òkèèrè, 1500 tàbí 2000 kN, tí iṣẹ́ bá máa pọ̀ débi tí yóò fi san owó rẹ̀ padà. Ẹ ṣírò iná 415 V sí i, ẹ ṣírò ilẹ̀ kọnkéré tí yóò jókòó lé, owó ẹ̀bùtè, ìwé SONCAP (ẹ̀rí pé ọjà òkèèrè bá ìlànà Nàìjíríà mu), àti ẹni tó mọ bọ́ọ̀dù rẹ̀ tún ṣe. Tí ilé kan ṣoṣo bá ni, láàbù.

Ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́: ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán férémù, kí wọ́n ṣírò òpó rẹ̀, kí wọ́n sì jókòó ti wẹ́dà nígbà tó ń jó o. Àmọ́ ẹ má fi iṣẹ́ àṣekágbá wọn jẹ́rìí sí ilé ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tó sì ti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ 50 tọ́ọ̀nù nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń yọ bíárìn, kó má ì ra nǹkan tuntun. Kó wọn àyè tó wà láàárín òpó rẹ̀ méjèèjì. Tó bá gba búlọ́ọ̀kù wọlé, kó ra load cell àti irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n ti tún ojú wọn ṣe, kó ní kí wẹ́dà fi wáyà bo iwájú rẹ̀, kó sì pe oní-calibration.